Tírélà mi ń tẹ̀ sí apá òsì tó bá ti sùn mọ́jú: ṣé báàgì ni àbí fáàfù?

Ọmọ Ọ̀yẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Orí tírélà tòkúnbọ̀ ni mo ń wà. Báàgì afẹ́fẹ́ mẹ́rin ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Kò sí sípírínǹgì irin lẹ́yìn rárá. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti gúnlẹ̀ sí Adó, lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, mò ń dúró de ẹni tó ni ẹrù. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Sátidé, mo rí i pé ọkọ̀ ti tẹ̀ sí apá òsì bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Lánàá mo fi téépù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé etí mọ́gáàdì. Ní aago méje alẹ́, ọ̀tún jẹ́ 97 sẹ̀ǹtímítà, òsì jẹ́ 97. Láàárọ̀ yìí, ọ̀tún jẹ́ 96, òsì jẹ́ 88. Géèjì afẹ́fẹ́ wà ní 8 bar nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnnì lálẹ́. Láàárọ̀ yìí, 5.5 ló kù. Tí mo bá tanná sí i, kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tó fi máa dìde padà, yóò sì dúró gbọn-in bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Mẹkáníìkì kan ládùúgbò ti wò ó lóòró, ó ní kí n lọ ra báàgì méjì. Kò wọ abẹ́ ọkọ̀ o, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Owó báàgì kì í ṣe owó ẹ̀kọ. Mo fẹ́ mọ̀ dájú kí n tó náwó.

Awakọ̀ Òkè Ẹ̀fọ̀n · 7:40 àárọ̀

Àbúrò, o ṣeun tó o fi téépù wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ á kàn sọ pé "ó tẹ̀ díẹ̀" ni, a ò ní mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ tó o gúnlẹ̀ sí ńkọ́? Èkìtì la wà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ṣọ̀wọ́n níbí. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tú wò látòkè délẹ̀, àṣé táyà apá kan ló wà létí gọ́tà. Yí ọkọ̀ yẹn padà lónìí, kí imú rẹ̀ wà níbi tí ìdí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kó o jẹ́ kó sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ apá òsì ọkọ̀ ló tún tẹ̀, ọkọ̀ ló ń ṣe. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló wá tẹ̀, ilẹ̀ ni.

Wo bọ́tìnì tí a fi ń sọ ìdí ọkọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ so tírélà mọ́ orí pẹ̀lú. Ọmọ ọkọ̀ lè ti fọwọ́ kàn án nígbà tó ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀.

Ọ̀dọ́ Ìkọ̀lé · 8:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Báàgì kì í ṣe ti ọ̀nà wa. Ẹ tú u dànù, ẹ fi sípírínǹgì irin sí i, ẹ óò sinmi. Àmọ́ ẹ tètè ṣe nǹkan kan sí i o, torí bí afẹ́fẹ́ yẹn bá tán pátápátá lóru, bírékì á tú, tírélà á sì yí lọ fúnra rẹ̀.

Bàbá Mẹkáníìkì, Àjìlósùn · 9:30 àárọ̀

Ọ̀dọ́ Ìkọ̀lé, o ṣeun, àmọ́ nǹkan méjì tó o sọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n kọjá lọ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀mí wà nínú ẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ mú ti bírékì. Inú agolo bírékì ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá ni sípírínǹgì líle kan wà. Sípírínǹgì yẹn ló ń di táyà mú tó o bá fa bírékì ọwọ́. Iṣẹ́ afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ni láti ti sípírínǹgì náà sẹ́yìn kí táyà tó lè yí. Nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá tán, dídì ni bírékì máa dì, kì í ṣe títú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán kì í fi ṣeé tì. Ibi tí ewu wà ni kí èèyàn fi bírékì ẹsẹ̀ tàbí bírékì tírélà nìkan dá ọkọ̀ dúró, kó wá lọ sùn. Ìyẹn, afẹ́fẹ́ ló dì í mú lóòótọ́, yóò sì tú. Fa bírékì ọwọ́, dí táyà, ó parí.

Ní ti sípírínǹgì irin: lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń rà wọlé láti Yúróòpù, fáàfù kan wà tó ń pín agbára bírékì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ inú báàgì ló fi ń mọ bóyá ẹrù wà lórí ọkọ̀ tàbí kò sí. Tó o bá tú báàgì dànù, tí o ò sì tún fáàfù yẹn ṣe, yóò máa rò pé ọkọ̀ ṣófo ni. Á wá máa fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní bírékì kékeré lójú ẹrù ńlá. Gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lókè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú simẹ́ńtì lẹ́yìn, kó o wá sọ ohun tójú ẹ rí fún mi. Mi ò sọ pé èèyàn ò lè pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan lábẹ́ igi.

Ó yá, Ọmọ Ọ̀yẹ́. Ohun tí géèjì rẹ sọ wúlò ju ohun tí ẹni tó wò ó lóòró sọ lọ. Ó bọ́ láti 8 sí 5.5. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ó dúró síbẹ̀ ni, àbí ó ṣì ń lọ sílẹ̀? Láàárín táǹkì àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ ni fáàfù aláàbò wà. Bí ibì kan bá ń jò, afẹ́fẹ́ á máa lọ títí yóò fi bọ́ sí ìwọ̀n kan, lẹ́yìn náà fáàfù yẹn á tì, kí èyí tó kù lè wà fún bírékì. Bí ti ẹ bá dúró sí 5.5 fún wákàtí mélòó kan, bírékì ẹ ò jò. Ọ̀nà báàgì ló ń jò. Bó bá ń lọ títí dé òdo, ọ̀rọ̀ ti di méjì nìyẹn, má gbé ọkọ̀ yẹn rìn.

Wo abẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, má wọ ibẹ̀. Ka fáàfù tó ń wọn gíga ọkọ̀, èyí tí àwa ń pè ní lẹ́fẹ́lì. Ara ṣáásì, egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, ló máa ń wà, ó ní apá kan tó gùn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so apá yẹn mọ́ ákísù, irin tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Ṣé ọ̀kan ni àbí méjì?

Olùkọ́ Físíìsì · 10:15 àárọ̀

Mi ò kí ń wa tírélà, àmọ́ ọ̀rọ̀ 97 tó di 96 lápá ọ̀tún yẹn fa ojú mi mọ́ra. Ọ̀gá, apá ọ̀tún ò jò. Òtútù ni.

Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ máa ń sún kì tí ara rẹ̀ bá tutù. Ẹ jẹ́ ká ní 33°C ni ní ọ̀sán, tó wá di 19°C ní ìdájí, bó ṣe máa ń rí níbí tí ọyẹ́ bá mú. Táǹkì tí géèjì rẹ̀ wà ní 8 bar lọ́sàn-án máa ka nǹkan bíi 7.6 ní ìdájí láìjẹ́ pé ohunkóhun jò. Ti báàgì yàtọ̀ díẹ̀: ìwọ̀n ọkọ̀ tó jókòó lé e lórí kò yí padà, nítorí náà gíga ló máa dín, kì í ṣe agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni afẹ́fẹ́ yẹn á fi sún kì. Sẹ̀ǹtímítà kan bá a mu dáadáa. Mẹ́sàn-án ò bá a mu rárá. Òtútù ò lè jẹ ìyẹn, òtútù ò sì lè gbé 8 dé 5.5.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kí ooru ọ̀sán má baà da ìwọ̀n yín rú.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo yí ọkọ̀ padà lánàá. Apá òsì rẹ̀ ló tún tẹ̀: 89. Ọ̀tún wà ní 96. Kì í ṣe ilẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan bọ́tìnì.

Bàbá, mo jí ní aago méjì òru, géèjì wà ní 5.5. Mo tún wò ó láago mẹ́rin àti láago mẹ́fà ààbọ̀, ojú kan náà ló wà. Lẹ́fẹ́lì méjì ló wà lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Mo fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lónìí láti fi ọṣẹ wò ó.

Ìyá Onítírélà · 7:03 àárọ̀

Dákun, dúró. Kó o tó wọ abẹ́ ẹ̀, ka èyí.

Mo ní ọkọ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà, ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọmọ iṣẹ́ kan wà ní ọgbà tí a máa ń gbé ọkọ̀ lọ nígbà náà. Ó ki ọwọ́ sí àárín táyà àti ṣáásì, ó ń wá ibi tó ń jò. Ẹlòmíì yọ ọ̀pá lẹ́fẹ́lì lápá kejì láìsọ fún un. Ọkọ̀ ò pariwo, kò mì, ńṣe ló kàn mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí ọwọ́ ọmọ yẹn yọ, ṣùgbọ́n ìka méjì ò ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí mo bá gbọ́ "mo fẹ́ wọ abẹ́".

Báàgì kì í ṣe jáàkì. Ọkọ̀ tó dúró lórí afẹ́fẹ́, kò tíì dúró. Wá ẹsẹ̀ irin méjì tó nípọn, gbé wọn sábẹ́ ṣáásì lọ́tùn-ún lósì, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù o, búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lójijì. Dí táyà níwájú lẹ́yìn. Yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, fi sápò ara ẹ, má fún ọmọ ọkọ̀ dání. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ohunkóhun títí wàá fi jáde.

Bàbá Mẹkáníìkì, Àjìlósùn · 7:45 àárọ̀

Ìyá ti sọ ọ́ tán, mi ò ní tún un sọ.

Lẹ́fẹ́lì méjì tó o kà yẹn já wa síbi tó ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo báàgì, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà ló máa wà lọ́tùn-ún lósì. Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ sí apá kan, irin ni mo máa kọ́kọ́ wò, bíi ọ̀pá tó so ákísù mọ́ ṣáásì àti rọ́bà etí rẹ̀. Àmọ́ ti ẹ, apá kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Nítorí náà nǹkan mẹ́ta péré ló lè jẹ́ ẹlẹ́bi: báàgì òsì méjèèjì, páìpù tó lọ síbẹ̀, tàbí lẹ́fẹ́lì òsì.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọṣẹ wá a tí wọn ò rí nǹkan kan, torí ìdájí tí báàgì ti rọ̀ ni wọ́n ń wò ó. Afẹ́fẹ́ ò tó nínú ẹ̀ mọ́ tí yóò fi fẹ́ ọṣẹ. Bí wàá ṣe ṣe é rèé. Tanná sí ọkọ̀ títí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń kó afẹ́fẹ́ sí táǹkì, fi máa já, ìyẹn ni pé kó dáwọ́ dúró, kí afẹ́fẹ́ kún dáadáa. Pa ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ kí ibẹ̀ dákẹ́, pa rédíò, lé àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ lọ. Kọ́kọ́ fi etí gbọ́ ọ. Ihò tó tóbi máa ń súfèé.

Po ọṣẹ ìfọbọ́ mọ́ omi kó nípọn, má po ó ṣààrọ̀ṣààrọ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré kùn ún, má wulẹ̀ dà á sí i. Tún amọ̀ ibẹ̀ nù kúrò kó o tó kùn ún, torí amọ̀ pupa wa yìí máa ń dí ihò kékeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì tàn ẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti orí báàgì níbi tí rọ́bà ti bá irin pàdé. Sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí rọ́bà ti ká lé ife tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi ìṣẹ́po yẹn lòkúta wẹ́wẹ́ máa ń sá sí, tí á máa lọ̀ ọ́ bí ọlọ. Bó o bá rí òwú funfun nínú rọ́bà níbẹ̀, yálà ó jò tàbí kò jò, báàgì yẹn ti kú, pààrọ̀ rẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ lójú rọ́bà lásán, ọjọ́ orí ni, ìyẹn lè dúró.

Lẹ́yìn náà, tẹ̀ lé páìpù pẹ̀lú ọwọ́ láti báàgì dé lẹ́fẹ́lì. Ibi tó bá ti fara ro ṣáásì tàbí páìpù mìíràn, yí i wo ẹ̀yìn rẹ̀. Parí ẹ̀ sí ara lẹ́fẹ́lì: ojú ibi tí páìpù wọ̀ ọ́, àti ẹnu ihò tó fi ń tú afẹ́fẹ́ dànù nísàlẹ̀. Má sáré. Dúró kí o kà dé ọgbọ̀n níbi kọ̀ọ̀kan. Ihò tó ń gba sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án lóru mọ́jú kì í fẹ́ ọṣẹ bí ìgbà tí ìkòkò ń hó, á kàn rọra máa kó ìfófòó wẹ́wẹ́ jọ bí itọ́ akàn.

Rewáyà Ìkẹ́rẹ́ · 12:20 ọ̀sán

Fún àwọn tí ọkọ̀ tiwọn jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, tó ní rìmóòtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀: ti yín ò ní lẹ́fẹ́lì tó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí Bàbá ń sọ yìí. Sẹ́ńsọ̀ ló ń wo gíga, àwọn fáàfù oníná ló sì ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé ọkọ̀ sókè mọ́, nítorí náà jíjò kékeré máa hàn kíákíá lára wọn. Tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti dìde láàárọ̀, ẹ wo fíúsì àti bátìrì kí ẹ tó fẹ̀sùn kan báàgì. Ẹ tún tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí gíga ìrìn. Mo ti rìn láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìyìn nítorí bọ́tìnì yẹn nìkan.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ · 6:35 ìrọ̀lẹ́

Mo ti rí i! Ẹ ṣeun o!

Mo gbé e lórí ẹsẹ̀ irin bí Ìyá ṣe wí, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí òwú, kò sí ìfófòó. Páìpù mọ́. Ẹnu ihò ìsàlẹ̀ lẹ́fẹ́lì òsì ló ń kó ìfófòó jọ. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo kà dé bíi méjìdínlógún ni ẹyọ kan yọ, ó tóbi tó ẹ̀wà, ó bẹ́, òmíràn tún yọ. Mo lọ sápá ọ̀tún, mo kùn ún bákan náà, mo kà dé ọgọ́ta, ọṣẹ kàn ń ṣàn sílẹ̀ ni.

Ọ̀la ni màá ra lẹ́fẹ́lì.

Bàbá Mẹkáníìkì, Àjìlósùn · 7:10 ìrọ̀lẹ́

O káre, ọmọ mi. Àmọ́ má tíì rà á.

Iṣẹ́ ihò yẹn ni láti tú afẹ́fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ga jù. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló ń rán an níṣẹ́: bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti tẹ̀, tàbí rọ́bà etí rẹ̀ ti jẹ, á máa fa apá lẹ́fẹ́lì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́fẹ́lì á sì máa tú afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Tó o bá pààrọ̀ lẹ́fẹ́lì nígbà náà, tuntun náà á máa tú u.

Láàárọ̀ ọ̀la, pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin lábẹ́ ṣáásì, tí ọwọ́ àti orí ẹ kò sí láàárín táyà àti ṣáásì, yọ ọ̀pá yẹn kúrò lára apá. Gbé apá sókè: báàgì gbọ́dọ̀ kún. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, bí wọ́n ṣe ṣe àwọn kan nìyẹn kí wọ́n má baà máa dáhùn gbogbo kòtò. Sọ apá sílẹ̀: á tú u. Wá dá a dúró sí àárín gbùngbùn. Àwọn lẹ́fẹ́lì kan ní ihò kékeré tí a lè ki píìnì sí kí apá má mì. Kùn ún lọ́ṣẹ níbẹ̀. Bí ìfófòó bá dá, ọ̀pá ló jẹ̀bi. Bí kò bá dá, inú lẹ́fẹ́lì ti bàjẹ́.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ · Ọjọ́rú, 9:05 àárọ̀

Bàbá, kò dá. Mo dá apá dúró láàárín, mo ki ìṣó kékeré kan sí ihò yẹn, ìfófòó ṣì ń yọ. Ọ̀pá gún régé, rọ́bà etí rẹ̀ le.

Ṣùgbọ́n ohun kan bà mí nínú jẹ́. Mo tú afẹ́fẹ́ dànù tán, mo wá yọ páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ lẹ́fẹ́lì. Omi ló kọ́kọ́ jáde, ó dúdú, ó ń yọ̀ bí omi ẹran tó di. Ó tó ìbòrí ìgò kan. Mo fi ìka kàn án, òórùn ọ́ìlì ni.

Ọ̀dọ́ Ìkọ̀lé · 9:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ìdọ̀tí lásán nìyẹn. Ẹ da karosín-ìnì díẹ̀ sínú páìpù kí ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ jáde. Lẹ́fẹ́lì á mọ́, ẹ ò sì ní ra tuntun.

Bàbá Mẹkáníìkì, Àjìlósùn · 9:34 àárọ̀

Rárá o! Ẹ má da karosín-ìnì, pẹtiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo fáàfù wọ̀nyẹn, títí kan ti bírékì. Karosín-ìnì máa jẹ́ kí wọ́n wú, kí wọ́n sì rọ̀. Á dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, oṣù tó ń bọ̀ bírékì á máa há. Ọ̀dọ́ Ìkọ̀lé, mo mọ̀ pé o fẹ́ bá a dín owó kù, inú mi dùn sí i, àmọ́ kì í ṣe lọ́nà yìí.

Ọmọ Ọ̀yẹ́, omi dúdú yẹn ni àìsàn. Lẹ́fẹ́lì tó ń jò, àmì rẹ̀ lásán ni. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, afẹ́fẹ́ wa níbí sì kún fún omi, pàápàá láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹwàá. Agolo kan wà tó ń gbẹ omi yẹn kó tó dé táǹkì. Inú rẹ̀ ni èròjà tó ń fa omi mu wà, èròjà yẹn sì máa ń kún. Ọdún kan sí méjì ni ó yẹ ká pààrọ̀ agolo náà. Lórí tòkúnbọ̀, a kì í mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí náà gbà pé ó ti kú. Tó o bá fi lẹ́fẹ́lì tuntun sí i láìpààrọ̀ agolo, omi yẹn á tún pa á.

Ìgbà wo lo tú omi táǹkì kẹ́yìn?

Ọmọ Ọ̀yẹ́ · 9:41 àárọ̀

Bàbá, kí n sọ òótọ́. Láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀, oṣù mẹ́jọ, mi ò tú u rí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi.

Awakọ̀ Òkè Ẹ̀fọ̀n · 10:00 àárọ̀

A ti sọ fún ẹ báyìí. Nísàlẹ̀ táǹkì kọ̀ọ̀kan, òrùka kékeré kan wà níbẹ̀ tàbí fáàfù tí a ń tẹ̀. Fà á sí ẹ̀gbẹ́ títí omi fi máa tán tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fi jáde. Gbogbo táǹkì ni o, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ọwọ́ nìkan. Alaalẹ́ ni èmi ń tú tèmi. Omi mímọ́ ṣíbí kan, kò burú. Bí ọ́ìlì bá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn tó o ti pààrọ̀ agolo, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló ń pọ ọ́ìlì nìyẹn, kí Bàbá wò ó.

Bàbá Mẹkáníìkì, Àjìlósùn · 10:22 àárọ̀

Kó o tó yọ lẹ́fẹ́lì, wọn gígùn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kó o kọ ọ́ sílẹ̀, má yí i. Gígùn yẹn ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí. Fi èyí tó o bá yọ hàn ẹni tó ń tà á, kí ojú ihò àti apá rẹ̀ bára mu. Tú afẹ́fẹ́ inú báàgì òsì dànù pátá kó o tó fọwọ́ kan páìpù kankan. Kó o tó so tuntun mọ́ ọn, fi afẹ́fẹ́ nìkan fẹ́ páìpù náà mọ́.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀sán àná ni mo parí iṣẹ́ náà: lẹ́fẹ́lì òsì tuntun, agolo tuntun, gbogbo táǹkì ni mo sì tú. Omi tó jáde lára táǹkì àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agolo mílíìkì méjì. Mi ò ra báàgì kankan. Owó tí mo ná ò tó owó báàgì kan nínú méjì tí wọ́n ní kí n rà.

Aago méje alẹ́ àná: ọ̀tún 97, òsì 97, géèjì 8. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ yìí: ọ̀tún 96, òsì 96, géèjì 7.5. Olùkọ́, ẹ wò ó, òtútù yín nìyẹn.

Olùkọ́ Físíìsì · 7:15 àárọ̀

Mo rí i, inú mi dùn jọjọ. Màá fi ìwọ̀n yín kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ẹ bá gbà fún mi.

Bàbá Mẹkáníìkì, Àjìlósùn · 7:50 àárọ̀

Ó ku ẹyọ kan. Òfìfo lo ṣì wà. Tí ẹrù bá gun orí ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú báàgì á le ju báyìí lọ, ojú tí kò jò lófìfo lè jò nígbà náà. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tó o bá gbẹ́rù sùn, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o sì kùn ọṣẹ sí ojú ibi tó o so páìpù mọ́.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 6:20 àárọ̀

Bàbá, mo gbé ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ lánàá, mo sùn sí Ìfàkì. Ọ̀tún 96, òsì 96. Mo kùn ọṣẹ sí ojú páìpù méjèèjì, mo kà dé ọgọ́ta. Mo ti tú omi táǹkì. Mò ń lọ báyìí.